Ta ló mọ ohun tó wà nínú ìbò póòsì?

Nígbàkigbà tí ìdìbò bá ti ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ní Manchester, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lórí WhatsApp àwọn ará wa. Ẹnì kan á fi ohùn ránṣẹ́ pé ẹgbẹ́ òun ti wọlé nínú ìbò tí wọ́n fi póòsì dì. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, ẹgbẹ́ tòun ló ń léwájú. Ẹnì kẹta á gbé àwòrán ìwé ìpolongo kan síbẹ̀, tí wọ́n ya òpó gíga méjì àti òpó kúkurú kan sí, pé ẹgbẹ́ méjì péré ló lè wọlé ní àdúgbò yìí, kí ẹnikẹ́ni má fi ìbò rẹ̀ ṣòfò. Kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, àwọn kan nínú wa á ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọn kò ní jáde mọ́.

Ó ká mi lára gidigidi pé ìbò wa ń sọnù báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí ètò náà ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo rẹ̀: títí agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ ìdìbò, kò sí ẹni tí òfin fún láyè láti sọ fún aráyé bí ìbò póòsì ṣe lọ. Ẹni tó bá ń sọ ọ́, àbá ló ń dá, tàbí kó jẹ́ pé ó ti rú òfin. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó tó ohun tí èèyàn á tìtorí rẹ̀ jókòó sílé.

Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Moss Side, Longsight, Gorton àti Cheetham Hill ló ṣì rò pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ń dìbò níbí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tó ti pé ọmọ ọdún 18, tó sì ní ìwé àṣẹ láti gbé nílùú yìí, lè forúkọ sílẹ̀, kó sì dìbò yan káńsẹ́lọ̀, kó yan Mayor Greater Manchester, kó yan aṣòfin tó ń lọ sí Westminster. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò dí i lọ́wọ́, físà òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò dí i lọ́wọ́. Ọmọ Ghana náà ní irú ẹ̀tọ́ yìí. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó wá láti Kétu tàbí Sàkẹ́tẹ́, tó jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Benin nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè dì í, nítorí Benin kò sí nínú Commonwealth.

Ẹ wo bí ẹ̀tọ́ yìí ti tóbi tó. Nàìjíríà kò ní ìbò póòsì fún ará ìlú, ẹni tó bá sì ti kọjá sí òkè òkun kò lè bá wọn dìbò ààrẹ rárá. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní Harpurhey kò ní ohùn nínú ẹni tó máa jókòó ní Agodi gẹ́gẹ́ bí gómìnà, ṣùgbọ́n ó ní ohùn nínú ẹni tó ń ṣètò ilé ìwé ọmọ rẹ̀, ilé kánsù tó ń gbé àti òfin físà tó ń dà á láàmú.

Bí a ṣe ń dìbò ṣáájú ọjọ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdìbò ní níbí. Èèyàn lè lọ sí ibùdó ìdìbò fúnra rẹ̀ láti agogo méje òwúrọ̀ sí agogo mẹ́wàá alẹ́. Ó lè ní kí ẹni tó fọkàn tán lọ bá òun dì í. Ó sì lè gba ìwé ìbò sílé, kó dì í, kó fi póòsì dá a padà. Ẹ̀kẹta yìí ni ìbò ṣáájú ọjọ́ tí gbogbo ariwo wà lé lórí.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ìbò póòsì gbọ́dọ̀ sọ ìdí: àìsàn, ìrìn àjò, iṣẹ́. Òfin ọdún 2000 ló mú ìyẹn kúrò, tí ó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní England lè béèrè fún un láìsọ ìdí kankan. Fún àwọn nọ́ọ̀sì wa àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, àǹfààní ńlá ni.

Bí àkókò bá tó, kánsù á fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sílé yín. Ìwé ìbò wà nínú rẹ̀, fọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ tí ẹ máa kọ ọjọ́ ìbí yín sí, tí ẹ máa buwọ́ lù, àpò lẹ́tà méjì sì wà pẹ̀lú wọn. Ìwé ìbò nìkan ló ń wọ àpò kékeré tí wọ́n kọ A sí. Àpò kékeré yìí àti fọ́ọ̀mù náà á wá jọ wọ àpò ńlá tí wọ́n kọ B sí. Ọ̀pọ̀ ìbò ló ń bàjẹ́ níbi yìí: ẹlòmíràn á kọ ọjọ́ tó ń kọ fọ́ọ̀mù dípò ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹlòmíràn á buwọ́ lùwé lọ́nà tó yàtọ̀ sí èyí tó fi sílẹ̀ ní kánsù, ẹlòmíràn á gbàgbé fọ́ọ̀mù sílé. Ìbò bẹ́ẹ̀ kò ní í wọlé, bó ti wù kí olúwarẹ̀ fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí àpò náà

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pariwo: kánsù kì í dúró di alẹ́ ọjọ́ ìdìbò kí ó tó ṣí àwọn lẹ́tà yìí. Wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, àwọn olùdíje àti aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú sì ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àpò ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí. Wọ́n á yọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ọjọ́ ìbí àti ìbuwọ́lù tó wà lórí rẹ̀ wé èyí tó wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ kánsù. Bó bá bára mu, wọ́n á ṣí àpò kékeré, wọ́n á yẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé ìbò wò bóyá òun náà ni nọ́ńbà tó wà lára àpò. Ẹ̀yìn ìwé ló gbọ́dọ̀ kọjú sókè, kí ojú tí wọ́n fàmì sí dojú dé ilẹ̀. Láti ibẹ̀, ìwé ìbò á wọ inú àpótí tí wọ́n ti dí pa, yóò sì wà níbẹ̀ títí di alẹ́ tí wọ́n máa kà á. Kò sí ẹni tó ka ìbò kan ṣoṣo. Iye lẹ́tà tó padà wá ni wọ́n kà.

Kódà lálẹ́ ọjọ́ ìkà, wọn kì í ka ìbò póòsì lọ́tọ̀ kí wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin ní kí wọ́n pò ó mọ́ ìbò láti ibùdó ìdìbò kan, ó kéré tán, kí wọ́n tó kà á. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ lẹ́yìn ìbò pàápàá pé ìdá báyìí báyìí nínú ìbò póòsì ló jẹ́ ti ẹgbẹ́ òun, kò rí i nínú èsì tí kánsù kéde, torí kò sí níbẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Òfin ìdìbò ọdún 1983 kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣí ìbò póòsì láti gbìyànjú láti mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún, tàbí láti sọ ọ́ síta. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ló wà fún un. Òfin yìí kan náà kà á léèwọ̀ láti bi àwọn tó ti dìbò léèrè ẹni tí wọ́n dì í fún, kí wọ́n sì gbé àkójọ ìdáhùn wọn jáde kí ibùdó tó tì. Ìdí nìyẹn tí BBC, ITV àti Sky fi ń dúró di agogo mẹ́wàá alẹ́ géérégé kí wọ́n tó gbé àsọtẹ́lẹ̀ ńlá wọn jáde.

Lọ́dún 2010, Kerry McCarthy tó ń díje fún Labour ní Bristol East gbé àpẹẹrẹ ìbò póòsì tí àwọn èèyàn rẹ̀ rí sórí Twitter, ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìdìbò. Ọlọ́pàá fún un ní ìkìlọ̀ tí òfin mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, nígbà tí ìdìbò ku ọ̀la, Laura Kuenssberg tó jẹ́ olóòtú òṣèlú BBC sọ lórí afẹ́fẹ́ pé ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ń gbọ́ nípa ìbò póòsì kò dára fún Labour ní ọ̀pọ̀ ibi. Electoral Commission, àjọ tó ń ṣọ́ ètò ìdìbò, yára rán gbogbo èèyàn létí pé sísọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. BBC ní àwọn kò gbà pé àwọn rú òfin kankan. Bó bá lè di ọ̀ràn báyìí fún olùdíje àti fún ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá, ẹ fojú inú wo ohun tó yẹ kí á ṣe sí ohùn tí a kò mọ olóhùn rẹ̀ lórí WhatsApp.

Ibi tí ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń rí ohun tí wọ́n mọ̀

Ẹ má rò pé ojú àwọn ẹgbẹ́ fọ́ o. Wọ́n ní ọ̀nà tí òfin gbà. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn látọdún dọ́dún, wọ́n sì ń kọ ìdáhùn oníkálukú sílẹ̀: ẹni yìí jẹ́ tiwa, ẹni yìí kò tíì pinnu, ẹni yìí ò fẹ́ rí wa sójú. Kánsù ń fún wọn ní orúkọ àwọn tó gba ìbò póòsì. Bí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀, wọ́n lè dá àbá pé báyìí ni nǹkan ṣe rí. Lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn èèyàn wọn máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ibùdó, wọ́n á béèrè nọ́ńbà tó wà lórí káàdì ìdìbò yín, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti wá nínú àwọn alátìlẹ́yìn wọn, kí wọ́n sì lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó kù. Kò pọn dandan kí ẹ dá wọn lóhùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dí yín lọ́nà.

Ṣùgbọ́n àbá ni gbogbo rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ ọ̀wọ̀. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, tó rẹ́rìn-ín, tó na ìwé ìpolongo síni, ọ̀pọ̀ nínú wa á ní a ti gbọ́, a máa dì í fún yín, kí àlejò má bàa lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiwọn ni wá. Àwọn ẹgbẹ́ tún ní ìdí láti pọ́n ohun tí wọ́n mọ̀: ẹgbẹ́ tó bá sọ pé òun ń léwájú, ọkàn àwọn tirẹ̀ á balẹ̀, àárẹ̀ á sì mú alátakò. Nígbà mìíràn, wọ́n á sọ pé eré náà le koko, kí àwọn ọ̀lẹ inú wọn lè jáde. Ìpolongo lèyí àti tọ̀hún.

Kí ló dé tí àwọn mọ̀lẹ́bí wa ní Amẹ́ríkà fi ń sọ tiwọn?

Ìdàrúdàpọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Ará wa tó wà ní Houston tàbí Atlanta á fi ìròyìn ránṣẹ́ pé ẹgbẹ́ báyìí ń borí nínú ìbò ṣáájú ọjọ́, àwa náà á sì rò pé irú rẹ̀ ṣeé ṣe níbí. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, bí èèyàn bá ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó ń sọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Nítorí náà, wọ́n lè kéde iye ọmọ Democrat àti ọmọ Republican tó ti dìbò, láìṣí ìbò kankan wò. Níhìn-ín, orúkọ àti àdírẹ́sì ló wà nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, kò sí ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kà lọ́hùn-ún kò sí lọ́dọ̀ wa rárá.

Lọ́hùn-ún pàápàá, ó ń tan èèyàn jẹ. Ní Pennsylvania lọ́dún 2020, òfin kò gbà kí wọ́n ṣí ìbò póòsì títí ilẹ̀ ọjọ́ ìdìbò fi mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Donald Trump ló wà níwájú. Bí wọ́n ti ń ka ìbò póòsì lọ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, Joe Biden ń lé e bá, ó sì fi ìbò tó lé díẹ̀ ní 80,000 borí nígbẹ̀yìn. Ẹni tó fi apá kan ìbò ṣe ìdájọ́ gbogbo rẹ̀ ti ṣìnà.

Bí wọ́n ṣe ń dá àsọtẹ́lẹ̀

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ìwádìí èrò ará ìlú ní ẹkùn ìdìbò kan. Ilé iṣẹ́ kan á pe bí èèyàn 500, á bi wọ́n léèrè, á sì tún ìdáhùn wọn tò kí ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo wọn lè bá ti àdúgbò mu. Bó bá jẹ́ èèyàn 500 ni wọ́n bi, èsì náà lè fi bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ga jù tàbí kéré jù. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ mẹ́ta wà ní 28, 27 àti 26, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn kò mọ ẹni tó máa wọlé.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní MRP. Wọ́n á bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn léèrè jákèjádò orílẹ̀-èdè, wọ́n á wo irú èèyàn tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi ìkànìyàn ṣírò iye irú wọn tó wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣe dáadáa fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ìjà àdúgbò: kò mọ káńsẹ́lọ̀ tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, kò mọ ọ̀rọ̀ tó ń bí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan nínú.

Ẹ̀kẹta ni ilé tẹ́tẹ́. Iye tí wọ́n ń fi síta ń tẹ̀ lé ibi tí owó àwọn oníbàárà ń lọ, owó àwọn oníbàárà náà sì ń tẹ̀ lé ariwo. Kò sí ìbò kankan nínú rẹ̀.

Irú àsọtẹ́lẹ̀ báyìí ti kùnà nítòsí wa. Ní Heywood àti Middleton, ní àríwá Manchester, wọ́n dìbò ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2014 láti fi ẹlòmíràn rọ́pò aṣòfin tó kú. Ìwádìí Lord Ashcroft ṣáájú rẹ̀ fún Labour ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fún UKIP ní 28. Nígbà tí wọ́n kà á, Liz McInnes ti Labour ní 11,633, John Bickley ti UKIP ní 11,016. Ìyàtọ̀ 617 péré.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ó kan Oldham West àti Royton. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn oníròyìn ní agbára káká ni Labour lè fi wọlé, pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Jim McMahon ti Labour ní 17,209, John Bickley yìí kan náà ní 6,487. Nigel Farage, olórí UKIP nígbà náà, ní ìbò póòsì ló ní wàyó nínú. Ilé ẹjọ́ kankan kò yí èsì náà padà. Ẹ wò ó: ibi tí wọ́n ní yóò rọrùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ibi tí wọ́n ní yóò le, ó rọ̀ wẹ́rẹ́.

Ní Withington lọ́dún 2005, tí ẹ̀yin tó ń gbé ní Didsbury àti Chorlton mọ̀ dáadáa, John Leech ti Liberal Democrats gba ìjókòó Keith Bradley ti Labour pẹ̀lú ìbò 667, ó sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Nílé Nàìjíríà, ṣáájú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, Peter Obi ló wà níwájú nínú ìwádìí tí NOIPolls ṣe fún Anap Foundation. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò tíì pinnu àti àwọn tó kọ̀ láti sọ pọ̀ ju àwọn tó dárúkọ Obi lọ. INEC kéde Bọ́lá Tinúbú pẹ̀lú 8,794,726, Obi sì ṣe ipò kẹta pẹ̀lú 6,101,533. Àwọn tó dákẹ́ ló pinnu.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Gorton àti Denton ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2026. Lọ́dún 2024, Labour fi ìbò tó lé ní 13,000 gba ìjókòó yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní eré ẹgbẹ́ mẹ́ta ni, Labour àti Green sì ń sọ fún ará ìlú pé àwọn nìkan ló lè dá Reform UK dúró. Hannah Spencer ti Green ló wọlé, Reform ṣe ipò kejì, Labour ṣe ẹ̀kẹta.

Bí a ṣe ń ka òpó orí ìwé ìpolongo

Bí ìwé olópòó bá já sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ìbò wo ni wọ́n ti mú nọ́ńbà náà? Ìbò káńsẹ́lọ̀, ìbò aṣòfin àti ìwádìí fún gbogbo orílẹ̀-èdè kì í ṣe ohun kan náà. Ọdún wo ni? Ṣé ẹkùn náà ṣì jẹ́ ọ̀kan náà? Gorton àti Denton kò sí ṣáájú ọdún 2024. Wọ́n mú Gorton, Levenshulme, Longsight àti Burnage láti inú Manchester pọ̀ mọ́ Denton tó wà lábẹ́ Tameside, nítorí náà nọ́ńbà àtijọ́ kò ṣeé gbé lé e lórí bẹ́ẹ̀. Paríparí rẹ̀, ṣé gíga òpó bá nọ́ńbà rẹ̀ mu? Bí 30 bá ga ní ìlọ́po mẹ́ta ju 20 lọ, ẹ ti mọ irú ìwé tó jẹ́.

Ohun tí Rochdale kọ́ wa

Àǹfààní pọ̀ nínú dídìbò ṣáájú, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń náni. Tony Lloyd, aṣòfin Rochdale, kú ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Wọ́n ti orúkọ àwọn olùdíje pa ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 12, Labour kéde pé àwọn kò ti Azhar Ali tó ń díje fún wọn lẹ́yìn mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ nípa Israel. Ó ti pẹ́ jù. Orúkọ ẹgbẹ́ ti wà lórí ìwé ìbò, kò sì ṣeé pa rẹ́. Green náà kò ti olùdíje tiwọn lẹ́yìn mọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dópin.

Ẹni tó bá ti fi ìbò póòsì rẹ̀ ránṣẹ́ kò lè gbà á padà. Òfin kò mọ ẹni tó yí ọkàn padà: ìbò tó ti dé ọwọ́ kánsù ti dé náà nìyẹn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì, George Galloway wọlé pẹ̀lú 12,335, David Tully tí kò ní ẹgbẹ́ ṣe ipò kejì pẹ̀lú 6,638, Ali wà ní ipò kẹrin pẹ̀lú 2,402. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin péré, ní ìdìbò gbogbogbòò ti ọjọ́ 4 oṣù Keje, Paul Waugh gba ìjókòó náà padà fún Labour.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kó gba ìbò póòsì láìṣe iyèméjì. Ṣùgbọ́n tí ọkàn yín kò bá tíì dúró, ẹ má yára fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó dé. Ẹ fún ara yín ní ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ nígbà tí póòsì ṣì lè gbé e dé.

Ìdí tí òfin rẹ̀ fi le

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2004, póòsì nìkan ni gbogbo Manchester àti ìwọ̀ oòrùn àríwá England fi dìbò, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Èèyàn tó dìbò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, ní Birmingham, àwọn kan fi ìbò póòsì ṣe jìbìtì nínú ìbò káńsẹ́lọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, adájọ́ Richard Mawrey fagi lé èsì Aston àti Bordesley Green. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi ọjọ́ ìbí àti ìbuwọ́lù kún un. Òfin ọdún 2022 tún kà á léèwọ̀ fún àwọn olùpolongo láti fọwọ́ kan ìbò póòsì ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí wọn tàbí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ilé wa dáadáa. Baálé ilé kò ní ẹ̀tọ́ láti bá ìyàwó rẹ̀ kọ ìwé ìbò. Ìyá kò ní ẹ̀tọ́ láti bá ọmọ tó ti pé 18 yan ẹni tó máa dìbò fún. Pásítọ̀ tàbí ààfáà kò ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n kó ìbò wá kí òun bá wọn fi ránṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kan. A bọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ ìwé tó ní orúkọ ẹnì kan, ẹni náà ló ni ín. Ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ á fi í sílẹ̀ kó dá yan ẹni tó wù ú.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ forúkọ sílẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú ìdìbò. Ẹ béèrè fún ìbò póòsì kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 11 ṣáájú rẹ̀. Ẹ lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì nílò nọ́ńbà National Insurance. Kì í wà títí ayé mọ́: ó pẹ́ jù, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ gbọ́dọ̀ tún un béèrè. Ẹni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun dìbò ní títí di ọjọ́ iṣẹ́ 6 ṣáájú rẹ̀.

Ìbò póòsì gbọ́dọ̀ dé kí agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ ìdìbò tó lù. Bó bá pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má jù ú sínú àpótí póòsì mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìdìbò, kí ẹ sì kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀. Láìsí fọ́ọ̀mù yẹn, wọn ò ní gbà á. Bó bá sọnù tàbí bàjẹ́, ẹ lọ bá kánsù, wọ́n lè fún yín ní òmíràn títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò.

Ẹni tó ń lọ sí ibùdó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni òfin yìí ti wà ní England. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lára èyí tí wọ́n ń gbà, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bí ojú yín bá ṣì bá fọ́tò náà mu. Ẹni tí kò ní ìdánimọ̀ kankan lè gba ìwé ẹ̀rí ìdìbò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ kánsù.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín lọ́sẹ̀ yẹn pé òun ti mọ bí ìbò póòsì ṣe lọ, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i. Bí kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ má gbé ohùn náà dé ẹgbẹ́ WhatsApp mìíràn. Ìbò 617 ni Heywood fi yàtọ̀, 667 ni ti Withington. Irú iye bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa ní Manchester, bí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ nínú wa bá dìbò rẹ̀.